Òkúta Tó Wà Nínú Iwe Adìẹ

Ìbídùn, gbé ìwé aláwòrán rẹ yẹn kúrò lẹ́bàá omi gbígbóná, kó tó di ẹ̀kọ. Mo ti wò ó. Mo rí ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn, mo rí iye tí wọ́n kọ sára àtẹ rẹ̀. Láàárọ̀ lo bi mí pé ta ló máa ń pinnu iye tí ọjà ń jẹ́, mo ní kí o jẹ́ kí n pa adìẹ ná. Ìwé yẹn gbìyànjú, n kò bú u. Ṣùgbọ́n kò sí adìẹ nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ adìẹ, ìlàjì ló máa sọ.

Ó yá, Gbádébọ̀, ìwọ náà sún mọ́ ibí. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń la iwe adìẹ yìí. Ẹ rí nǹkan tó wà nínú rẹ̀? Yanrìn rèé. Òkúta wẹ́wẹ́ rèé, òmíràn tún rèé. Adìẹ tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, kí ló ń fi òkúta ṣe nínú ikùn?

Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fìdí balẹ̀.

Nígbà láéláé, nígbà tí ọjà kò tíì ní ẹnu, àwọn ẹyẹ kì í pariwo bí wọ́n bá ń tà tàbí bí wọ́n bá ń rà. Ẹni tó bá ní ohun títà á gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye ọjà. Òkúta kan, ṣírí ọkà bàbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ka òkúta, á kó ọkà bàbà tó bá a mu sílẹ̀, á gbé ọjà rẹ̀, ó di ilé.

Kò sí aṣọ́jà. Kò sí "ẹ gbà á ní èló". Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa náà tajà báyìí rí lójú ọ̀nà oko, wọ́n sì ń bá owó wọn nílẹ̀.

Àwọn ẹyẹ máa ń sọ pé òkúta kì í purọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan òkúta ni kí ẹ máa ṣọ́.

Láyé ìgbà yẹn, Ẹ̀gà ló ń hun ìtẹ́ fún gbogbo ẹyẹ. Ẹ̀gà tí ẹ mọ̀ yìí, tó ń ké lórí ọ̀pẹ bí ẹni tí wọ́n jà lólè, kò sí ẹyẹ tó dákẹ́ tó o nígbà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbájú mọ́. Á gun ọ̀pẹ lọ, á fi ẹnu ya màrìwò ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á máa hun ún, á máa fà á le. Ìtẹ́ Ẹ̀gà ní òrùlé, ó ní ẹnu ọ̀nà, omi kì í wọ̀ ọ́.

Abẹ́ ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá odò ni Ẹ̀gà máa ń to ìtẹ́ sí. Òkúta mẹ́wàá ló máa ń kó síwájú ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rà á, ìwọ lo máa gbé e délé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gà fúnra rẹ̀ á wá bá ọ nílé, á so ìtẹ́ náà mọ́ ẹ̀ka igi fún ọ. Kókó tó ń ta sí i yẹn, kò sí ẹyẹ mìíràn tó mọ̀ ọ́n ta. Ìso yìí wà nínú òkúta mẹ́wàá náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ó wá kan Adìẹ. Inú igbó ni Adìẹ ń gbé nígbà yẹn, òun àti Àkùkọ ọkọ rẹ̀. Kò tíì mọ ọ̀dọ̀ èèyàn rí. Ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì fẹ́ràn ọmọ ju méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n kò bí ọmọ kankan. Nígbà yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń yé gbogbo ẹyin rẹ̀ lọ́dún. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yé wọn sí. Òjò àkọ́rọ̀ dé, àgbàrá wọ́ gbogbo wọn lọ sínú odò. Adìẹ dúró lórí òkè, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó sunkún títí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì pọ́n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó búra. Ó ní, "Àkùkọ, bí mo bá tún máa yé ẹyin, inú ìtẹ́ Ẹ̀gà ni. Màá tọ́jú ṣírí ọkà bàbà mẹ́wàá."

Àkùkọ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó sì tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́! Lásìkò ìkórè, ó kó ṣírí mẹ́wàá jọ, ó fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí. Ebi á yọjú díẹ̀, Adìẹ á ní, "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ̀kan wò, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́." Á jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, "Àbí kòkòrò ti dé ara èyí náà?" Á tún jẹ ẹ́. Kó tó di pé ẹyin mú un, mẹ́rin péré ló kù, kò sì sí kòkòrò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà àfi Adìẹ.

Ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú láàárọ̀. Ikùn Adìẹ ń wúwo. Ó wo òkè, ó wo ikùn, ó rántí odò.

"Àkùkọ, ẹyin máa dé lónìí. Òjò náà sì máa dé lónìí. Kí ni ká ṣe?"

Àkùkọ na ọrùn, ó ronú gidi. Ó ní, "Kúkúrúùkúù."

"O ṣeun," ni Adìẹ wí. Ó kó ọkà bàbà mẹ́rin rẹ̀, ó kọrí sí ìdí ọ̀pẹ.

Ẹ̀gà kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ já màrìwò. Ìtẹ́ tò lọ rẹrẹẹrẹ nílẹ̀. Adìẹ yan èyí tó wù ú, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn màrìwò tútù, ó sì ti ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́kàn. Ó ka òkúta iwájú rẹ̀: mẹ́wàá. Ó ka ọkà tirẹ̀: mẹ́rin. Ó tún òkúta kà, bóyá ó máa dín. Kò dín.

Ó lè dúró de Ẹ̀gà kó bẹ̀ ẹ́. Ó lè sọ pé, "Ẹ gba mẹ́rin ná, màá máa mú ìyókù wá díẹ̀díẹ̀." Ẹ̀gà ì bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé òun ti jẹ mẹ́fà. Ẹ wo irú ìtìjú yìí! Kò tì í nígbà tó ń jẹ ẹ́, ó wá ń tì í nígbà tó fẹ́ sọ ọ́.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi kì í ṣe olè. Olè ni í gbé ìtẹ́ láìsan nǹkan kan. Èmi máa san. Òkúta ibí yìí ló kàn pọ̀ jù."

Ló bá fi ẹnu mú òkúta kan kúrò. Ó mú èkejì. Ó ń mú un lọ títí ó fi ku mẹ́rin nílẹ̀, mẹ́fà wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń wá ibi tó máa tu wọ́n sí, ó gbọ́ ìró apá lókè, fẹ̀rẹ̀-fẹ̀rẹ̀-fẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gà ti dé!

Adìẹ gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mì káló.

"Adìẹ, o kú ọjà o," ni Ẹ̀gà wí.

"Ẹ... ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tí omi ń bọ́ lójú rẹ?"

"Ìdùnnú ni, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ yín ló dára."

Ẹ̀gà wo ilẹ̀. "Mẹ́rin? Mo rò pé mẹ́wàá ni mo kó síbẹ̀."

Adìẹ na ìyẹ́ apá sí òkúta. Ó ní, "Òkúta kì í purọ́, ẹ̀gbọ́n."

Kí ni Ẹ̀gà fẹ́ sọ? Ohun tí òkúta bá ti wí nígbà yẹn, abẹ gé e. Ó ní bóyá oorun ló ń kun òun nígbà tí òun ń kà á. Ó gba ọkà mẹ́rin. Ó ní, "Máa gbé e lọ. Màá wá bá ọ so ó nírọ̀lẹ́."

Adìẹ gbé ìtẹ́ rù. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbọ́ nǹkan nínú ikùn ara rẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀. Ó dúró. Ó tún gbé ẹsẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀. Ló bá ń rìn jẹ́jẹ́, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á dúró díẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó rọra gbé e kalẹ̀. Ẹ mọ ìrìn yẹn. Bó ṣe ń rìn náà nìyẹn dòní.

Ó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun. Àdàbà rí i láti orí ẹ̀ka igi. Àdàbà oníwà tútù! Kò ké sí Ẹ̀gà o. Ó dúró kí Ẹ̀gà tún padà lọ já màrìwò, ló bá fò wálẹ̀, ó fi òkúta méjì péré sílẹ̀ níwájú ìtẹ́ tó wù ú, ó da ìyókù sódò. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjà ọ̀pọ̀ ni, gbogbo igbó á gbọ́! Kó tó di ọ̀sán, ìtẹ́ ti tán nílẹ̀, iye tó wu kálukú ló san.

Ẹ̀gà padà dé, ó bá ilẹ̀ lásán àti ọkà díẹ̀. Ó kó èyí tó rí lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò kárí wọn. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an. Ó wo ẹnu rẹ̀ tí màrìwò ti ya, ó wo àwọn ọmọ tó ń la ẹnu, ló bá fò lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, bóyá á rí ọkà tí àwọn olóko gbàgbé. Ta ló tún fẹ́ rántí ìtẹ́ síso?

Lọ́dọ̀ Adìẹ, ẹyin ti dé. Ó yé gbogbo wọn sínú ìtẹ́, wọ́n ń dán. Ó ń retí Ẹ̀gà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, Ẹ̀gà kò dé. Afẹ́fẹ́ gbéra. Ìtẹ́ tí kò so mọ́ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún. Adìẹ sáré gun orí rẹ̀, kò dúró sójú kan. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ti ọjọ́ náà burú ju ìyẹn lọ, torí kò tiẹ̀ sí okùn.

"Àkùkọ! Wá wọ inú ìtẹ́ yìí, kí o sàba lé ẹyin, kí n lọ wá Ẹ̀gà."

"Èmi? Èmi Àkùkọ, kí n sàba?"

"Wọlé síbẹ̀!"

Àkùkọ wọlé.

Adìẹ sáré dé ilé Ẹ̀gà, ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀. Àwọn ọmọ nìkan ló bá. Èyí tó dàgbà jù níbẹ̀ ní, "Ẹ káalẹ́ mà. Màmá wa ò sí nílé. Wọ́n ní iṣẹ́ àárọ̀ dé alẹ́ kò tó wa í jẹ, wọ́n ti lọ ṣa ọkà lóko."

Èyí tó kéré jù wo Adìẹ lójú. Ó ní, "Ebi ń pa mí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Adìẹ láyà. Àbí ẹ ti gbàgbé pé ó fẹ́ràn ọmọ?

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gà balẹ̀, ara rẹ̀ tutù fún òjò tó ti bẹ̀rẹ̀, ọkà díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Adìẹ kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá so ìtẹ́ mi. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé àwọn ọmọ mi lọ."

"Jẹ́ kí n fún àwọn ọmọ tèmi lóúnjẹ ná." Ẹ̀gà tẹ́tí. "Kí ló ń dún?"

"Ebi ni, ẹ̀gbọ́n. Ebi ló ń dún nínú mi."

"Ebi kì í dún báyìí. Dìde. Rìn lọ sọ́hùn-ún."

Adìẹ rìn lọ. Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.

"Rìn padà wá."

Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.

Ẹ̀gà tí kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà ló kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má jókòó bí ère:

Mo kó mẹ́wàá sábẹ́ ọ̀pẹ,
*Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.*
Mo dé, mo bá mẹ́rin nílẹ̀,
*Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.*
Wọ́n ní òkúta kì í purọ́,
*Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.*
Òkúta mi, níbo lo wà?
*Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀!*

Adìẹ kò dá a lóhùn o. Ikùn rẹ̀ ló ń gbè é.

Adìẹ bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ tán pátá, látorí ọkà tó jẹ dórí òkúta tó gbé mì. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n òkúta lásán náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bá odò kún fún un."

Háà! Ó yẹ kó ti dákẹ́.

"Òkúta lásán?" ni Ẹ̀gà wí. "O rò pé mo kàn ń ṣa òkúta kalẹ̀ ni? Gbọ́ o. Méjì nínú wọn ni ti ẹ̀gún ọ̀pẹ tó ń gún mi kí n tó rí màrìwò já. Méjì ni mò ń fi pamọ́ de ìgbà tí òjò kò ní jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Mẹ́ta ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo bá ń hun. Méjì ni ti àlọ àti àbọ̀ mi nírọ̀lẹ́, tí mo fi ń wá so ó. Ọ̀kan tó kù ni èrè tèmi, tí mo fi ń yọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Mẹ́wàá nìyẹn. Èwo ló pọ̀ jù níbẹ̀?"

Ẹ̀gà kò tíì sọ tán.

"Mẹ́rin tí o san, ti ẹ̀gún ni àti ti ìgbà òjò. Mẹ́fà tí o gbé mì ńkọ́? Oúnjẹ àwọn ọmọ mi lo gbé mì. Ayọ̀ mi lo gbé mì. Ìwọ fúnra rẹ lo sì gbé okùn ìtẹ́ rẹ mì, Adìẹ."

Adìẹ gbọ́ ìyẹn, ó wúkọ́, ó gbìyànjú láti bì, ó fi orí kanlẹ̀ bóyá òkúta á jáde. Kò sí èyí tó jáde. Ẹ̀gà ń wò ó, ìbínú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n gbọ́ igbe lókè: "Ẹ gbà mí ooo!"

Ìtẹ́ ń yí bọ̀ láti orí òkè, orí Àkùkọ yọ síta lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ìtẹ́ bá yí, orí Àkùkọ á lọ sísàlẹ̀. Ó tún yí, orí náà á padà wá sókè. Lókè, "Ẹ gbà mí!" Nísàlẹ̀, "Mmf!" Lókè, "Ẹ gbà mí!" Ó kọjá láàárín àwọn méjèèjì, ó ń lọ. Ẹ̀gà bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á.

Adìẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé ìtẹ́ náà nínú òjò, ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀, ó ń ké pe àwọn ọmọ rẹ̀, títí ìtẹ́ fi wọ ẹ̀yìnkùlé ọmọ èèyàn, tó kọlu ògiri ilé ìdáná, tó sì fàya.

Àkùkọ jáde, òòyì ń kọ́ ọ. Adìẹ kò lè wo inú ìtẹ́. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fọ́?"

Àkùkọ ṣí apá rẹ̀. Gbogbo ẹyin ló wà níbẹ̀, ó ti fi ìyẹ́ bò wọ́n mọ́ra. Ọ̀kan péré ló sán. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Àkùkọ ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, Adìẹ sì dì mọ́ ọn níbẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀súnlékè ló ni ilé ìdáná náà. Ó yọjú, ó rí wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Apẹ̀rẹ̀ àlòkù kan wà ní igun ògiri, níbi tí òjò kò dé. Adìẹ wo apẹ̀rẹ̀ náà, ó wo ojú obìnrin náà.

"Ìyá, òkúta mélòó ni ti apẹ̀rẹ̀ yẹn?"

"Òkúta? Kí n fi òkúta ṣe kí ni? Kí ni o ní?"

"N kò ní nǹkan kan àfi ẹyin."

Ọ̀súnlékè ronú. Ó ní, "Mo ní ibùgbé, mo ní apẹ̀rẹ̀, mo sì ní ọkà tó ń dànù nígbà tí mo bá ń fẹ́ ẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, sàba lé e, kí o pa ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, o kò ní máa yé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀kan-ọ̀kan ni wàá máa yé e. Èmi á mú tèmi, wàá mú tìrẹ."

"Títí dìgbà wo, ìyá?"

"Títí o fi máa fẹ́ kúrò níbí."

"Èyí ńkọ́?" Ọ̀súnlékè tọ́ka sí Àkùkọ. "Kí ni òun mọ̀ ọ́n ṣe?"

Adìẹ ní, "Ó mọ ariwo pa."

"Ó dáa. Kó máa pa á ní ìdájí, kí n má baà sùn gbàgbé."

Bí wọ́n ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Adìẹ pa àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n tú jáde, wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé. Ó rí ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó rà á! Òkúta mẹ́wàá ló sọ pé ó pọ̀ jù o. Láti ìgbà yẹn ló ti ń san ẹyin, kò tíì san án tán. Bó bá ti yé ọ̀kan, á jáde síta, á máa pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Mo ti san! Mo ti san! Mo ti san tòní o!" Ìgbà wo lẹ gbọ́ tí wọ́n sọ fún un pé ó tó?

Ẹ̀gà ní tirẹ̀ sọ pé òun kò fi òkúta tajà mọ́ láéláé. Ẹnu lòun máa fi sọ iye òun. Ó kó gbogbo ilé rẹ̀ gun orí ọ̀pẹ, ó bẹ̀rẹ̀: "Mẹ́wàá ni! Kò gbà! Fi kún un! Máa lọ!" Àdàbà ló kọ́kọ́ wá ná an. Ó ná an láti àárọ̀ títí ó fi di méjì. Ẹ̀gà ní, "Mo gbà. Ìtẹ́ iye méjì ni màá sì hun fún ọ." Ó to igi gbígbẹ bíi mélòó kan léra, ó ní kó máa gbé e lọ. Bí ẹ bá dúró sábẹ́ ìtẹ́ Àdàbà lónìí, ẹ óò máa rí ẹyin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nípa ti mẹ́fà yẹn, Ẹ̀gà kò bá Adìẹ ṣọ̀tá. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá kó òkúta mi wá, màá hun ìtẹ́ mìíràn fún ọ, màá sì so ó le." Ìdí nìyẹn tí Adìẹ fi ń tan ilẹ̀ kiri. Òkúta Ẹ̀gà ló ń wá! Bó bá rí ọ̀kan, á fi sẹ́nu, á ní ó di ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà. Kò ní tíì rìn jìnnà tí á tún fi rí hóró ọkà kan. Á ní, "Ẹ jẹ́ n tọ́ eléyìí wò, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́." Òun àti òkúta, ó di inú ikùn.

Àwọn àgbà rí i títí, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́: adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun kò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì?

Láti ọjọ́ náà ni òkúta ti ń bẹ nínú iwe adìẹ. Láti ọjọ́ náà náà ni ọjà ti ní ẹnu, tí ẹ̀yin fi ń gbọ́ "èló ni", "ẹ dín in kù", "kò gbà". Bí mo bá parọ́ mọ́ adìẹ, kí èyí tó wà nínú ìkòkò yìí dìde kó bá mi jiyàn.

Ìbídùn, o ti wá mọ ẹni tó ń pinnu iye ọjà? Ẹni tí ẹ̀gún gún ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwọ náà lè ná an. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ pé nǹkan pọ̀ jù, bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Iwe yìí ńkọ́? Baálé ilé kò sí nílé, ọwọ́ mi ló wà lónìí. Ẹni tó bá máa jẹ ẹ́ á fọ àwo mẹ́wàá tó wà nínú bàsíà yẹn. Kí lo wí? Márùn-ún? Ẹ gbọ́ ọmọ ẹ̀gà! Mẹ́wàá ni mo wí. Àwo oúnjẹ wa ni, ìdí ìkòkò tó jó kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ó dáa, Ìbídùn, gbé ọṣẹ. Gbádébọ̀, máa fẹ́ iná.

Hẹ̀n? Ó ti tán? Kíá báyìí?

Gbé wọn wá kí n wò wọ́n. Wọ́n mọ́, o káre. Mélòó lèyí? Mẹ́fà. Mẹ́fà ni mo rí níbí o. Mẹ́fà ni mo sọ ni?

Ìbídùn, dìde níbi tí o jókòó sí yẹn. Rìn wá sọ́dọ̀ mi, jẹ́jẹ́, kí n gbọ́ bóyá o máa dún.